Iṣẹ́ Ẹ̀rọ, Èéfín àti Omi Ìdọ̀tí: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Àwọn Ará Èkìtì

Èkìtì kete, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ, ẹni tí ilé rẹ̀ súnmọ́ ibi iṣẹ́ ẹ̀rọ, àti ẹni tó kàn fẹ́ mọ ohun tó ń ṣe odò ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, gbogbo wọn ni mo kọ èyí fún. Àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mi jù ló wà níbí. Mi ò tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ, ẹ wá èyí tó kàn yín.

Ilé iṣẹ́ ńlá mélòó ló wà l'Ékìtì? Ṣé kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn ará Èkó àti Ògùn lèyí?

Òótọ́ ni pé a ò ní Àgbárá, a ò ní Ọ̀tà, a ò sì ní Ìkejà. Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 1996 tí wọ́n ti dá ìpínlẹ̀ yìí sílẹ̀, iṣẹ́ àgbẹ̀, iṣẹ́ tíṣà àti iṣẹ́ ìjọba ni wọ́n mọ̀ wá mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kà á dáadáa. Ẹ ka ibi tí wọ́n ti ń rin gàrí, ẹ ka ibi tí wọ́n ti ń fún epo pupa, ẹ ka ilé ìlagi, ibi ìṣebúlọ́ọ̀kù, ilé iṣẹ́ omi inú ọ̀rá, ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta, ẹ̀rọ tó ń ṣẹ́ ìrẹsì Ìgbẹmọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kéré, kò sì sí èyí tí wọ́n lè rí láti Àbújá. Ibi tí ìṣòro wọn wà gan-an nìyẹn. Ilé iṣẹ́ ńlá kan ní ojú kan pàtó tí ìdọ̀tí rẹ̀ ń gbà jáde, èèyàn sì lè dúró síbẹ̀ kó yẹ̀ ẹ́ wò. Ti àwọn kéékèèké yìí, gbogbo gọ́tà ìlú lojú tí ó ń gbà jáde.

Nǹkan kejì ni pé ilẹ̀ olókè ni tiwa, orísun omi la sì jókòó lé. Ìgèdè-Èkìtì ni odò Ọ̀ṣun ti ń sun, kó tó gba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kọjá, tó fi ń bọ́ sí ọ̀sà. Odò Ògbèsè náà ń ti ọ̀dọ̀ wa ṣàn lọ sí Oǹdó. Ohun tí ará Èkìtì bá dà sódò, ẹlòmíràn tó wà nísàlẹ̀ ló máa pọn ọ́n. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ pé kí á tó béèrè bí ilé iṣẹ́ kan ṣe tóbi tó, ká kọ́kọ́ béèrè ibi tí omi rẹ̀ ń ṣàn lọ.

Kí lẹ tiẹ̀ ń pè ní iṣẹ́ ẹ̀rọ ìgbàlódé?

Kéèyàn fi ẹ̀rọ, iná àti kẹ́míkà sọ ohun tó ti inú ilẹ̀ tàbí oko wá di ọjà, lọ́pọ̀ yanturu, kí ọ̀kan sì jọ èkejì. Kì í ṣe pé àwọn baba wa kò ṣe irú rẹ̀. Ìrè-Èkìtì tí wọ́n ń ki Ògún mọ́, ta ló fẹ́ kọ́ wọn ní iná àti irin? Àwọn ìyá amọ̀kòkò Ìṣàn náà mọ iná lò. Ohun tó yàtọ̀ ni bí iṣẹ́ ṣe pọ̀ tó lónìí, àti pé ọ̀pọ̀ nǹkan tí a ń lò báyìí kì í jẹrà. Eérú àgbẹ̀dẹ máa ń padà di ilẹ̀. Ike kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìyá mi ń ṣe gàrí. Ṣé àwọn náà wà lára àwọn tó ń ba àyíká jẹ́?

Ẹ má bínú, wọ́n wà níbẹ̀, àmọ́ ẹ̀bi wọn nìkan kọ́. Ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé ẹ̀gẹ́ bọ̀ láti oko.

Wọ́n á bó o. Èèpo nìkan máa ń tó ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n ẹ̀gẹ́ náà, nígbà mìíràn ó máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á rin ín, wọ́n á dì í sápò, wọ́n á fi jáákì tẹ̀ ẹ́ kí omi rẹ̀ ro dànù. Omi funfun tó ń ro yẹn ni wàhálà. Ó kan, ó kún fún sítáàṣì, sayánáìdì tó jẹ́ májèlé sì wà nínú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kọ́ ló bù ú sí i. Inú ẹ̀gẹ́ ni nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní linamarin wà, bí wọ́n bá sì ti rin ẹ̀gẹ́ tí ara rẹ̀ fọ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í di sayánáìdì. Ẹ̀gẹ́ kíkorò ní i ju èyí tí kò korò lọ. Bí gàrí kì í bá pa wá, torí pé fífún, kíkan àti yíyan ti lé èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ jáde ni. Àmọ́ ibì kan náà ló lọ: gọ́tà, ẹ̀yìn ilé, odò.

Sayánáìdì yìí kì í pẹ́ lójú oòrùn. Ìwọ̀n bí 26 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni hydrogen cyanide, ìyẹn sayánáìdì tó ń jáde lára ẹ̀gẹ́, ti ń hó, oòrùn ọ̀sán Adó sì máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Bí omi náà bá wà ní ibi gbalasa, púpọ̀ nínú rẹ̀ á bá afẹ́fẹ́ lọ. Ohun tí àwọn èèyàn kì í rò ni sítáàṣì. Bí ó bá wọ odò, kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ ẹ́ á pọ̀ sí i, wọ́n á mí gbogbo ọ́síjìn inú omi náà tán, ẹja á sì kú láìsí pé májèlé kan kàn án. Ẹni tó bá rí odò tó dúdú, tó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, nísàlẹ̀ ibi ìrin gàrí, ó ti rí ohun tí mò ń wí.

Kí wá ni ṣíṣe? Ẹ gbẹ́ ihò fún omi náà, kó fẹ̀, kó má jìn, kó sì jìnnà sí kànga. Mítà 30 ni wọ́n sábà máa ń ní kó wà láàárín ṣáláńgá àti kànga. Ẹ lo ìwọ̀n yẹn náà, bí ilẹ̀ bá gbà yín láyè kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ṣọgbà yí i ká, kí ewúrẹ́ má lọ mu ún. Bí omi náà bá tòrò, sítáàṣì á wà nísàlẹ̀. Ẹ lè kó o, kí ẹ sá a, ọjà ni. Èèpo ńkọ́? Ẹ má kó o jọ gègèrè kó máa rùn. Ẹ tẹ́ ẹ sóòrùn títí yóò fi gbẹ dáadáa, oúnjẹ ẹran ni. Tútù rẹ̀ lọ́pọ̀ lè pa ẹran, ẹ kíyè sí i.

Èéfín ìyangàrí náà kò kéré. Ààrò tó bò lẹ́gbẹ̀ẹ́, tó ní ọ̀pá tí èéfín ń gbà gòkè, máa ń dín igi tí wọ́n ń jó kù, ó sì ń gba ojú àti ẹ̀dọ̀fóró àwọn ìyá wa là. Mo ti gbọ́ tí àwọn ọkùnrin ń sọ pé ó wọ́n. Àwọn kọ́ ló ń jókòó síbẹ̀.

Ta ló máa wá sanwó ihò? Èmi ò rò pé ó yẹ kí ìyá tó gbé agbọ̀n ẹ̀gẹ́ méjì wá gbé ìnáwó yẹn. Ẹni tó ni ẹ̀rọ, tó ń gbowó lórí gbogbo ẹ̀gẹ́ tó bá gba ibẹ̀ kọjá, òun ni kó kọ́kọ́ mú ọkọ́.

Tí ìdọ̀tí bá wọ odò, ṣé ìṣàn kò ní gbé e lọ ni?

Yóò gbé e kúrò lójú yín. Àwọn ìdọ̀tí kan wà tó lè jẹrà, bí sítáàṣì àti omi ibi tí wọ́n ti ń pa ẹran. Bí wọ́n bá kéré, odò lè jẹ wọ́n tán. Bí wọ́n ṣe pọ̀ tó àti bí odò ṣe kún tó ló máa sọ ọ́. Odò Ureje ní oṣù kejì kò jọ odò Ureje ní oṣù kẹsàn-án, ohun tí ó lè gbà nígbà òjò lè pa á nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn mìíràn kì í jẹrà láéláé, àwọn irin olóró bí òjé, mercury àti cadmium. Odò kàn ń kó wọn kiri ni.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Minamata, lórílẹ̀-èdè Japan. Ní 1956, àwọn dókítà ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rí àwọn èèyàn tí ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, tí ojú wọn ń ṣú, tí ọ̀rọ̀ ń wọ́ lẹ́nu wọn. Kó tó dìgbà yẹn, àwọn ológbò ìlú náà ti ń ta gìrì, tí wọ́n ń pòòyì bí ẹni ń jó. Ilé iṣẹ́ kẹ́míkà kan ló ń da mercury sínú òkun wọn. Omi náà kò yí àwọ̀ padà. Kòkòrò inú omi gbé mercury mì, ẹja kékeré jẹ kòkòrò, ẹja ńlá jẹ ẹja kékeré, ó ń pọ̀ sí i lára gbogbo ohun tó bá jẹ ẹ́, títí ó fi dé orí àwo àwọn apẹja. Àwọn ìyá tí kò ṣàìsàn rárá bí ọmọ tí ọpọlọ wọn ti bàjẹ́ látinú oyún. Ọdún 1968 ni ilé iṣẹ́ yẹn tó jáwọ́.

A ò ṣe sìmẹ́ǹtì l'Ékìtì. Kí ló kàn wá nínú èéfín rẹ̀?

À ń rà á. Ọbájànà, níbi tí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ńlá wà, ìpínlẹ̀ Kogí tó múlé tì wá ló wà. Ọ̀rọ̀ sìmẹ́ǹtì sì yàtọ̀ sí ti ọjà mìíràn. Wọ́n á fọ́ òkúta limestone, wọ́n á pò ó mọ́ amọ̀, wọ́n á sè é nínú iléru gbọọrọ tó ń yí, tí iná rẹ̀ tó nǹkan bí 1,450 lórí Celsius. Ẹni tó bá gbọ́ èyí á rò pé epo tí wọ́n ń jó ló ń mú carbon dioxide, gáàsì tó ń mú ayé gbóná, jáde. Apá kan ni. Ó lé ní ìdajì tó jẹ́ pé inú òkúta náà ló ti ń jáde, torí pé carbon ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, iná ló lé e síta. Kódà bí wọ́n bá fi sólà sè é, òkúta náà á ṣì tú tirẹ̀ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni sìmẹ́ǹtì gbogbo àgbáyé ṣe ń dá nǹkan bí ìdá 7 sí 8 nínú 100 carbon dioxide tí ọmọ aráyé ń tú sáfẹ́fẹ́.

Ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà dín in kù ni kí wọ́n fi nǹkan mìíràn rọ́pò apá kan sìmẹ́ǹtì náà: amọ̀ tí wọ́n ti sun, ìdàrọ́ irin, eérú. Eérú èèpo ìrẹsì wà lára wọn, bí wọ́n bá sun ún pẹ̀lú ìṣọ́ra kí iná má pọ̀ jù. Ibi tí mo bá ti rí òkìtì èèpo ìrẹsì tí wọ́n kàn ń finá sí, owó ni mò ń rí tó ń jóná. Àwọn ọmọ wa tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní yunifásítì FUOYE l'Ọ́yẹ̀ẹ́ àti ABUAD l'Adó, iṣẹ́ rèé fún yín.

Ní tẹni tó ń kọ́lé, ẹ fomi rin búlọ́ọ̀kù yín dáadáa kó tó gbẹ. Búlọ́ọ̀kù tó fọ́ kí wọ́n tó gbé e dórí ilé, sìmẹ́ǹtì tó ti bàjẹ́ lásán ni.

Ṣé bíríkì alámọ̀ bíi ti Ìrè sàn ju búlọ́ọ̀kù lọ?

Iná tí wọ́n fi sun ún ló máa dáhùn. Bíríkì ń fẹ́ iná bí 900 sí 1,000 lórí Celsius. Tó bá jẹ́ igi igbó ni wọ́n ń kó sí i, igbó ló ń san owó ilé yín. Tó bá jẹ́ gáàsì nínú iléru tó dára, bíríkì lè borí, torí pé ilé oníbíríkì kò nílò rírẹ́ àti ọ̀dà, ó sì máa ń pẹ́. Èyí tó rọ àyíká lọ́rùn jù ni bíríkì erùpẹ̀ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀, tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì díẹ̀ sí, tí wọn ò sun rárá. Àwọn èèyàn kì í fẹ́ ẹ, wọ́n ní ilé tálákà ni.

Ọ̀rá omi tó kún gọ́tà ńkọ́? Ṣé ká máa sun ún?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sun ún. Inú epo rọ̀bì àti gáàsì ni wọ́n ti ń yọ ohun tí wọ́n fi ṣe ọ̀rá. Bí ó bá ń jó ní gbangba, èéfín dúdú àti gáàsì carbon monoxide ló ń tú jáde, àwọn ọmọdé ló sì máa ń dúró tì í. Bí wáyà tàbí páìpù PVC bá wà nínú òkìtì náà, ó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí wọ́n ń mú dioxin wá, èyí tó ń fa àrùn jẹjẹrẹ.

Nínú gbogbo ike tí aráyé ti ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, èyí tí wọ́n tún lò kò tó ìdá 10 nínú 100. Ọ̀rá omi wà lára èyí tó rọrùn jù láti tún lò, torí oríṣi kan ṣoṣo ni, omi lásán ló sì wà nínú rẹ̀. Wọ́n á gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á yọ́ ọ di wóró, wóró yẹn ló sábà máa ń di ọ̀rá dúdú tí ẹ fi ń ra ẹja lọ́jà. Ẹni tó ń ra ọ̀rá kì í fẹ́ èyí tó ti kan epo tàbí ẹrẹ̀. Ẹ ya tirẹ̀ sọ́tọ̀, kó gbẹ. (Omi tí wọ́n fi ń fọ ọ̀rá yìí náà nílò ihò. Kò sí iṣẹ́ tó mọ́ pátápátá.)

Ọ̀nà tó dára jù ni ká dín in kù. Ewé eéran ṣì pọ̀ nínú igbó wa. Iyán gbígbóná nínú ọ̀rá, l'Ékìtì, níbi ayẹyẹ! Ìyẹn ni mi ò lè dárí jì ẹnikẹ́ni.

Jẹnẹrétọ̀ ńkọ́?

Bí iná ìjọba kò bá dúró, gbogbo oníṣẹ́ ọwọ́ ni yóò dá iná tirẹ̀ ṣe, ọ̀kẹ́ àìmọye ẹ̀rọ kéékèèké á sì máa tú èéfín sí imú wa. Ní 2012, ẹ̀ka àjọ ìlera àgbáyé tó ń rí sí àrùn jẹjẹrẹ kéde pé èéfín ẹ̀rọ tó ń lo dísẹ́ẹ̀lì máa ń fa jẹjẹrẹ. Ẹ má gbé e sínú ilé, ẹ má gbé e sábẹ́ fèrèsé ẹlòmíràn. Ẹ má da ọ́ìlì tó ti dúdú sílẹ̀.

Eruku ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta: ṣé ìbòmú aṣọ tó?

Kò tó. Òkúta akọ tó kún ìlú wa, láti Ìkẹ́rẹ́ dé Adó, ní silica nínú, irú èyí tó wà nínú iyanrìn. Èyí tó lè pa èèyàn nínú eruku rẹ̀ kéré débi pé ojú kò lè rí i. Á gba inú aṣọ kọjá, á dé ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró, kò sì ní jáde mọ́. Silicosis ni wọ́n ń pe àìsàn tó ń fà, kò ní ìwòsàn. Ó lè gba ọ̀pọ̀ ọdún kó tó fara hàn, nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń fọ́ òkúta ti kúrò níbi iṣẹ́ náà. Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ ní ibi iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni omi: kí wọ́n máa wọ́n ọn sí òkúta bí wọ́n ṣe ń fọ́ ọ àti sí ojú ọ̀nà tí típà ń gbà. Lẹ́yìn náà ni ìbòmú tó le bíi N95. Ọ̀gá tó bá sọ pé owó omi ti pọ̀ jù, ẹ bi í pé èló ni ẹ̀dọ̀fóró.

Gbogbo èèyàn ń ra sólà báyìí. Ṣé ìyẹn kò ní ìdọ̀tí tirẹ̀?

Ó ní. Mo fara mọ́ sólà, mo fẹ́ràn rẹ̀ ju jẹnẹrétọ̀ lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá, ṣùgbọ́n bátìrì rẹ̀ yóò kú lọ́jọ́ kan. Òjé ló wà nínú bátìrì olómi, irú ti ọkọ̀. Òjé máa ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, àjọ ìlera àgbáyé sì ti sọ pé kò sí ìwọ̀n kankan tó kéré débi tí kò fi ní ṣe ìpalára. Ní Zamfara, ní 2010, òjé tó wà nínú òkúta tí wọ́n ń lọ̀ láti wá góòlù pa ọmọ tó lé ní 400. Ẹ̀yìnkùlé ilé wọn ni wọ́n ti ń lọ̀ ọ́.

Torí náà, ẹ má fọ́ bátìrì nílé, ẹ má da omi rẹ̀ sílẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa yọ́ òjé ládùúgbò yín. Ẹ tà á lódindi fún ẹni tó máa gbé e lọ lódindi.

Àwọn tó ń gbẹ́ lithium ní Ìjerò ńkọ́? Ọjà tó ń lọ sílé iṣẹ́ òkèèrè ni.

Ilẹ̀ Ìjerò lọ́lá. Kaolin wà níbẹ̀, tourmaline àti columbite wà níbẹ̀, lithium tí gbogbo ayé ń wá fún bátìrì náà sì ti dé e. Ọkọ̀ tí kò ní yọ èéfín ní ìlú òyìnbó lè fi ihò sílẹ̀ lóko ẹnì kan níhìn-ín. Ihò tí wọn kò dí á gbomi, ẹ̀fọn á yé sínú rẹ̀, ọmọ tàbí màlúù á já sí i.

Òfin ìwakùsà ti 2007 sọ pé ẹni tó gba ìwé àṣẹ gbọ́dọ̀ bá ìlú tó gbà á ṣe àdéhùn ìdàgbàsókè, kó sì tún ilẹ̀ náà ṣe. Ìjọba àpapọ̀ ló ni àṣẹ lórí kùsà, ìyẹn ló ń jẹ́ kí àwọn ará ìlú rò pé ẹnu wọn kò ká a. Ó ká a: ẹ ní kí wọ́n fi ìwé àdéhùn yẹn hàn yín. Ẹni tó wá lóru tí kò ní ìwé kankan, ẹjọ́ ọlọ́pàá nìyẹn.

Àwọn òyìnbó ba ayé jẹ́ kí wọ́n tó là. Kí ló dé tí àwa kò fi ní ṣe bẹ́ẹ̀?

Ìbéèrè tó dára ni, mi ò sì fẹ́ fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó. Ní ti carbon dioxide, òótọ́ lẹ sọ. Gbogbo Áfíríkà pátá kò dá ju bí ìdá 4 nínú 100 lọ nínú èyí tí aráyé ń tú sáfẹ́fẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ kí ìyá tó ń yan gàrí ní Ọ̀mùò ru ẹrù yẹn ṣáájú àwọn tó là, ó ń yànjẹ.

Àmọ́ odò yàtọ̀ sí ojú ọ̀run. Òjé tó bá wọ kànga ní Adó, ọmọ Adó ló máa mu ún. Àwọn òyìnbó náà kò sì rí ìdọ̀tí wọn jẹ lọ́fẹ̀ẹ́: ní 1957, àwọn onímọ̀ kéde pé odò Thames tó la London já ti kú, kò sí ohun alààyè tó lè gbé inú rẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún àti owó ni wọ́n fi jí i. Àwa kò ní owó ìjíǹde yẹn.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, kò sí ohun tó ní ká tẹ ibi tí wọ́n tẹ̀. Nígbà tí GSM wọlé ní 2001, ẹnì kan kò sọ pé ká kọ́kọ́ na wáyà NITEL, ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ìjọba nígbà náà, dé gbogbo ilé l'Ékìtì kí a tó ra fóònù alágbèéká. A fo ìgbésẹ̀ yẹn.

Ṣé ìṣòro irú èyí kankan wà tí wọ́n ti yanjú rí?

Ó wà, àwọn oníròyìn kì í sì í sọ ọ́ tó. Gáàsì CFC tí wọ́n ń lò nínú fíríìjì àti agolo afínfín ń jẹ ìpele ozone tó ń gbà wá lọ́wọ́ oòrùn tó le. Ní 1987, àwọn orílẹ̀-èdè tọwọ́ bọ̀wé ní Montreal pé àwọn yóò pa á tì. Wọ́n sì ṣe é, ozone náà ti ń sàn bọ̀. Ìkejì ni òjé inú epo bẹntiróòlù: Algeria ni orílẹ̀-èdè tó tà á kẹ́yìn, ó sì dáwọ́ dúró ní 2021. Nínú méjèèjì, ohun tí wọ́n lè fi rọ́pò ti wà, òfin sì de gbogbo èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí pé ẹni tó ṣe rere ni yóò máa pàdánù lọ́jà. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbà gbọ́ nínú ẹ̀bẹ̀ nìkan.

Kí ni òfin Nàìjíríà sọ?

Ìtàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Kókó, ìlú etí omi kan ní ìpínlẹ̀ Bẹ́ńdẹ́lì àtijọ́. Ní 1988, àṣírí tú pé wọ́n ti kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbá kẹ́míkà olóró wá síbẹ̀ láti Ítálì, tí wọ́n yá ilẹ̀ aráàlú lówó táṣẹ́rẹ́ láti fi tọ́jú rẹ̀. Ariwo yẹn ló bí FEPA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo àyíká, lọ́dún náà. Ní 1992, òfin EIA dé: ẹni tó bá fẹ́ gbé iṣẹ́ ńlá kalẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣàyẹ̀wò ohun tí iṣẹ́ náà yóò ṣe sí àyíká. Àjọ NESREA gba ipò FEPA ní 2007, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ epo rọ̀bì àti gáàsì kò sí lábẹ́ rẹ̀.

Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999, ní abala 20, sọ pé kí ìjọba dáàbò bo omi, afẹ́fẹ́, ilẹ̀, igbó àti ẹranko. Ó dùn létí. Orí Kejì ìwé òfin náà ló wà, orí tí èèyàn kò lè fi pe ìjọba lẹ́jọ́ tààrà. Kò sí òfin tí a kò ní. Ẹni tó máa gun ọ̀kadà lọ wo ibi tí gọ́tà ń dà sí ni kò tó.

Ilé iṣẹ́ kan fẹ́ wá sí ìlú wa. Kí ni ká bi wọ́n?

Ẹ kọ́kọ́ kí wọn káàbọ̀, àwọn ọmọ wa ń wáṣẹ́. Lẹ́yìn náà ẹ béèrè ìwé EIA wọn. Wọ́n gbọ́dọ̀ gbé e síta fún aráàlú láti kà fún ọjọ́ iṣẹ́ 21, ẹ ní kí tíṣà kan tó mọ sáyẹ́ǹsì bá yín kà á. Ẹ béèrè ibi tí wọn yóò ti máa fa omi, mélòó ní ọjọ́ kan, àti bóyá bọhóòlù wọn kò ní mú kí kànga àdúgbò gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ ní kí wọ́n mú yín dé ojú ibi tí omi ìdọ̀tí yóò gbà jáde, kì í ṣe lórí àwòrán, lórí ilẹ̀ gan-an.

Kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun, ẹ gba omi odò àti ti kànga yín sínú ìgò, kí ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò ní yunifásítì, kí ẹ tọ́jú èsì rẹ̀. Ìlú tí kò mọ bí omi rẹ̀ ṣe rí tẹ́lẹ̀ kò ní ẹ̀rí kankan lọ́la. Owó tí wọ́n fẹ́ fún ààfin kì í ṣe ìdáhùn sí èyíkéyìí nínú àwọn ìbéèrè yìí.

Ilé ìlagi ń sun lẹ́búlẹ́bú pákó lóru, a ò lè sùn. Ta ni ká fẹjọ́ sùn?

Ẹ kọ́kọ́ lọ bá a gẹ́gẹ́ bí aládùúgbò, kí ẹgbẹ́ àwọn lándílọ́ọ̀dù tẹ̀lé yín. Lẹ́búlẹ́bú yẹn ní olùrà: àwọn tó ń sin adìẹ ń tẹ́ ẹ, àwọn tó ń hu olú ń lò ó. Bí kò bá gbọ́, wolé-wolé ti ìjọba ìbílẹ̀ ló kàn, lẹ́yìn náà ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí àyíká l'Adó. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, agogo, ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, ta ló ń wúkọ́. Ẹ ya fọ́tò. Kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sórí ẹ̀dà lẹ́tà tiyín kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.

Ẹnì kan ní ká máa fi omi ẹ̀gẹ́ pa koríko. Ṣé ó dáa?

Ó ń pa koríko lóòótọ́, pàápàá èyí tó ṣì tutù láti ojú jáákì. Ẹ lò ó sí ojú ọ̀nà àti iwájú ilé tí ẹ kò fẹ́ kí nǹkan hù. Ẹ má lò ó létí odò, ẹ má lò ó nítòsí kànga, ẹ má dà á sí ojú kan náà ní gbogbo ìgbà, torí ilẹ̀ á kan, ẹ̀fọ́ kò sì ní fẹ́ hù níbẹ̀ mọ́. Ẹ so ewúrẹ́ yín mọ́lẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi gbẹ.